Abẹ́rẹ́ Tí Ṣèyílọ́lá Gbé Mì

Ojúlé Kọkàndínlógún,
Òpópó Àdìsá,
Ọ̀nà Addo, Ajah,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2023.

Fúnláyọ̀, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí gbogbo ẹni tó ń bá ọ gbé ní Oǹdó. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti ń jẹ́ kí o sùn? Àwa níbí wà láàyè, à ń jẹun, à ń rẹ́rìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ẹni tó dá wa sí. Mo fẹ́ kí o mọ èyí kí o tó ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́: bí o bá kà á dé ìdajì, o ó ti máa wá bàtà tí o máa wọ̀ wá sí Èkó. Jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tí nǹkan kan ṣe mọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì gbà. Ìkejì le díẹ̀. O ní ṣé mo ti di ará Èkó tí kì í fèsì ni. O tún bi mí pé àwọn lékeléke mi ńkọ́, ṣé mo ti parí wọn. Ìbéèrè yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè kọ̀wé. Láti oṣù Kẹsàn-án, bí mo bá ti gbé bírò láti dá ọ lóhùn, ọwọ́ mi á dúró. Ó di àná kí n tó rí i pé mo lè sọ ọ́ láì sunkún.

O mọ bí ayé mi ti rí nígbà tí Bàbá Ọláṣẹ̀hìndé kú, tí ọmọ mi kan ṣoṣo sì kó mi kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí ilé rẹ̀ ní Addo níbí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lójijì mo di ẹni tó ń jókòó sí fáràńdà, tó ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ láti títì márosẹ̀ lọ́wọ́ àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. O wá kí mi kú àjálù, o ṣí báàgì rẹ, o yọ aṣọ oníhò wínníwínní kan jáde, pẹ̀lú òwú aláràbarà àti abẹ́rẹ́. Mo ní kí nìyí? O ní kírọ́ọ̀sì-sítíìṣì ni. Mo ní iṣẹ́ ìyá àgbà òyìnbó ni. O ní, "Àníọlá, ka ihò rẹ, kí o pa ẹnu dé."

Mo kà á. Òwú á gba ihò kan jáde, á dábùú wọ òmíràn, á tún padà wá dábùú ara rẹ̀: ojú kan ṣoṣo nìyẹn. Ó tó ọgọ́rùn-ún ojú kí ewé kan tó jọ ewé. Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ni pé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ihò dé igba láì ṣì í, ọjọ́ náà ni mi ò rántí pósí. Bí ènìyàn bá ń ka ihò, kò sí àyè fún nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti di oúnjẹ fún mi. Nígbà tí àwọn àwòrán tí o fún mi tán, mo ra ìwé ìṣírò tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní tuù-díì, èyí tó kún fún onígun mẹ́rin kéékèèké, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ti ara mi sínú rẹ̀: lékeléke méjì tí wọ́n máa ń dúró sétí kànáàlì ẹ̀yìn ilé wa, tí wọ́n ń wo omi bí ẹni pé nǹkan wọn ló bọ́ sí i.

Rọ̀kíbátù, ìyàwó ọmọ mi, o pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó níwà, ó sì mọ iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, èmi náà kò sì mọ bí a ṣe ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó dákẹ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe irun, ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín wa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ti lọ síbẹ̀. Ọláṣẹ̀hìndé á gba Lẹ́kkí Phase 1 lọ, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù àwọn ọ́fíìsì ṣe. Ọmọ wọn, Ṣèyílọ́lá, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, á kù sí èmi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rọ̀kíbátù ti sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ má bínú o, abẹ́rẹ́ yẹn ń já mi láyà nítorí ọmọ yìí." Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo dá a lóhùn pé mo ti tọ́ ọmọ kí wọ́n tó bí òun. Ó dùn mí. Mo rò pé nǹkan kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn nínú ilé náà ni kò fẹ́ rí.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, agogo mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Mo ń fi òwú dúdú ṣe ẹsẹ̀ lékeléke kejì. Mo gbọ́ tí omi ń tú dànù látorí táǹkì, mo wá rántí pé mi ò tíì pa ẹ̀rọ tó ń fa omi. Mo fi abẹ́rẹ́ sórí apá àga, mo dìde. Fúnláyọ̀, mi ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tí mo padà dé, Ṣèyílọ́lá ti jókòó sórí àga mi, òwú dúdú ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá àgbà, mo ń jẹ indómì dúdú." Mo fa òwú náà. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ó fi bọ́ sí mi lọ́wọ́ tán. Kò sí abẹ́rẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí kò rọrùn fún mi láti kọ. Mi ò pe ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́. Mo gbọn tìmùtìmù, mo gbálẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ bí afọ́jú. Mo la ẹnu ọmọ náà, mo wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Odidi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Kì í ṣe pé mo gbà pé màá rí i. Ọkàn mi ló ń sọ fún mi pé ọmọ náà kò sunkún, kò bì, ta ló rí ọ? Bóyá yóò bá ìgbẹ́ jáde, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀. Mo ń rí ara mi nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹrù lórí ẹsẹ̀, ọmọ mi kò wo ojú mi. Ìtìjú ni mo ń sá fún, ẹ̀mí ọmọ ni mo sì fẹ́ fi san án. Ìgbà tí Ṣèyílọ́lá di ọrùn ara rẹ̀ mú tó ní, "Ó ń yún mi níbí," ni ojú mi tó là. Mo gbé fóònù, mo pe ìyá rẹ̀.

Rọ̀kíbátù sáré wọlé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, ìpara tó ń fi sí oníbàárà lórí ṣì wà lára rẹ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní, "Abẹ́rẹ́ mi ni. Èmi ni mo fi í sílẹ̀. Ọmọ ti gbé e mì, mo sì ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá a kí n tó pè ọ́." Ó wò mí. Kò bú mi, kò pariwo. Ìbá sàn fún mi kó bú mi. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà sílẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ mú báàgì yín, ká lọ."

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá la wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ajah. Gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ náà bá kó sí kòtò, èmi ni mò ń di ikùn ara mi mú. Ọmọ náà ń kọrin ní tirẹ̀. Wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú, dókítà sì gbé àwòrán náà sójú iná kí a lè rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Dókítà Ọ̀ṣuntọ́lá ni wọ́n ń pè é, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún dáadáa. Ó fi ìka tọ́ka sí i: ìlà funfun kan, tín-ín-rín, ó dábùú sínú ikùn ọmọ mi bí ẹni fi chọ́ọ̀kì fa ìlà sára pátákó. 

Dókítà ní, "Màmá, irú abẹ́rẹ́ wo ni? Ti télọ̀ ni?" Mo wá inú báàgì, mo rí páálí èyí tó kù, mo nà án sí i. Ó yọ ọ̀kan, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ tẹ àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó tún un tẹ̀, kò wọlé. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Èyí kò mú. Ta ló ní kí ẹ máa lo irú èyí?" Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ní Oǹdó ni."

Fúnláyọ̀, o rántí ẹjọ́ tí o bá mi rò nígbà tí o rí i pé abẹ́rẹ́ ìránṣọ lásán ni mò ń lò, tó ń gún mi níka, tó sì ń la òwú sí méjì. O fi páálí abẹ́rẹ́ mẹ́fà rán awakọ̀ kan sí mi, o ní iṣẹ́ yìí kò fẹ́ abẹ́rẹ́ tó mú, ihò ti wà nílẹ̀, kò sí ohun tí ó fẹ́ gún. Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní arúgbó ti ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tí kò léyín. Abẹ́rẹ́ tí kò léyín yẹn ni kò jẹ́ kí n sin ọmọ ọmọ mi. Dókítà sọ ọ́ fún wa lójúkojú pé ká ní ti télọ̀ ni, yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọn ìbá gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló sì mọ ibi tí ìbá ti gún. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀gá ní kí a fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n máa yàwòrán rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí a fún abẹ́rẹ́ náà láyè kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Bí kò bá rìn, wọ́n á wọlé lọ mú un.

Ọláṣẹ̀hìndé dé ní agogo méjì, òógùn ti mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ní, "Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó la ti sọ ọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó?" Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní gbogbo òwú àti aṣọ inú rẹ̀ ni òun máa dà sínú kànáàlì. Mo ní kó dà á. Òótọ́ ni mo sọ, mo fẹ́ kó dà á. Rọ̀kíbátù ló gbé orí sókè. Ó ní, "Bàbá Ṣèyí, má da nǹkan kan nù. Ọmọ la wá tọ́jú níbí." Ọmọ mi sì dá báàgì náà padà fún mi.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àwòrán àárọ̀, abẹ́rẹ́ ti kúrò ní àpòlúkù, ó ti wọ ìfun. Dókítà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ sùn, èmi àti Rọ̀kíbátù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òun lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì. Ó ṣàdédé ní, "Màmá, ẹ lè dákẹ́ lánàá o. Ǹ bá má mọ̀." Mo ní, "Mo fẹ́ẹ́ dákẹ́." Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ sọ iye ìṣẹ́jú fún mi." Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ àǹtí òun kan tó jẹ́ télọ̀ ní Ìkàtẹ́ Ẹlẹ́gúṣí ni òun gbé. Òun tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, ó kán sínú àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Àǹtí náà rí ìdajì tó kù lórí ilẹ̀, ó gbé e pamọ́, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀gún ni. Oṣù mẹ́rin ni òun fi ń tiro kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó bọ́ bàtà, ó fi ojú àpá náà hàn mí. "Ẹ̀yin pè mí," ló ń wí. "Màmá, ẹ̀yin pè mí."

Ọ̀rọ̀ ṣí báyìí. Mo bi í pé bí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ bá ń bà á tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó ń fi ọmọ sílẹ̀ fún mi láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹnu yà á. Ó ní òun ti rí jẹ́lé-ó-sinmi kan tó dára ní òpópó kejì láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n òun rò pé bí òun bá mú ọmọ lọ, màá ní òun kò fọkàn tán mi. Mo ní, "Háà! Rọ̀kíbátù, mo rò pé nítorí ọmọ yìí lẹ ṣe kó mi wá ni. Ó ti rẹ̀ mí! Ó ti rẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá!" Ó kọ́kọ́ wò mí bóyá eré ni mò ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, títí Nọ́ọ̀sì Afusat fi yọjú, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, àwọn aláìsàn mìíràn ń sùn." Ọdún méjì la ti wà nínú ilé kan náà, tí oníkálukú ń fi inúure ni ẹnì kejì lára.

Má bínú sí ohun tó kàn, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ da ìkankan nù. Póò kékeré kan ni wọ́n fún wa, pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ tí dókítà fi ń tẹ ahọ́n. Ṣèyílọ́lá kò mọ ohun tó dé tí gbogbo àgbà fi ń dúró ti òun bí ẹni dúró de ọba, tí wọ́n ń bẹ òun pé kí òun jọ̀wọ́ ṣu. Ọjọ́ Ẹtì, a kò rí nǹkan. Àwòrán ìrọ̀lẹ́ fi hàn pé abẹ́rẹ́ dúró sójú kan, dókítà kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí kò bá kúrò níbẹ̀ di ọ̀sán Sátidé, òun á ránṣẹ́ pe àwọn oníṣẹ́ abẹ. Èmi àti Rọ̀kíbátù jókòó ti ọmọ náà. Ó ń gba àdúrà tirẹ̀, mò ń gba tèmi.

Láàárọ̀ Sátidé, nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, Ṣèyílọ́lá ní ìgbẹ́ ń gbọ̀n òun. Nígbà tó ṣe tán, Rọ̀kíbátù mú igi náà, èmi ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀. A gbọ́ tó dún "kín" lára póò. Àwa méjèèjì dúró gbọnrangandan. Ó fi igi gbé e wá sétí: abẹ́rẹ́ ni, ó dúdú díẹ̀, kò tẹ̀, kò kán, ó pé. Rọ̀kíbátù ké "Àlùhámúdùlílàhì!" Èmi ké "Halelúyà!" Ọmọ náà pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ yẹn, ó sì sunkún tí kò sun láti Ọjọ́bọ̀. Mo jókòó tì í, mo gbé orí rẹ̀ lé àyà mi. Mi ò gbá a mọ́ra rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí Ọláṣẹ̀hìndé dé pẹ̀lú omi tó lọ rà, tó gbọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lójú gbogbo èrò ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n dárí ọ̀rọ̀ tí òun sọ jì òun. Mo ní òótọ́ ló sọ, kó dìde, aṣọ rẹ̀ ń gbálẹ̀. Wọ́n tún ya àwòrán kan, inú ọmọ mọ́ tónítóní. Dókítà ní kí n fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ fún òun, kí òun lè máa fi han àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Mo ní kó máa gbé e lọ.

Má rò pé mo padà sídìí iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó dá mi lẹ́kun, ọwọ́ mi ni kò gbà. Mo ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, wọ́n mú Ṣèyílọ́lá lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Rọ̀kíbátù ní, "Màmá, agogo mẹ́jọ sí agogo méjì, tiyín ni." Mo ti rò pé màá sáré gbé aṣọ mi. Fúnláyọ̀, oorun ni mo sùn! Mo sùn lọ́jọ́ kìíní títí di ọ̀sán, mo tún sùn lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo ka abẹ́rẹ́ márùn-ún tó kù, mo mú ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò. Ní báyìí, mo máa ń kà wọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ àti bí mo bá parí, mo sì ń dé wọn mọ́ inú agolo kan tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Mo parí àwọn lékeléke náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí n tó mọ̀, Rọ̀kíbátù ti gbé e lọ fi gíláàsì sí i, ó ti gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ìyá òun ló ṣe é. Kò sọ pé ìyá ọkọ òun.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ bí a ṣe ń dúpẹ́ irú oore yìí. Páálí abẹ́rẹ́ kékeré kan ni o fi ránṣẹ́, ìwọ alára lè ti gbàgbé. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ohun tó mú gún ọ. Kí ojú rẹ máa ríran dé ihò tó kéré jù. Kí orúnkún rẹ gbé ọ dé gbogbo ibi tí ọkàn rẹ ń fẹ́. Kí àwọn tó ń bá ọ gbé mọyì rẹ lójú ayé rẹ. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí o kọ́ níṣẹ́, tí kò sì tètè gbọ́ràn,
Àníọlá Odùkọ̀yà.

Àfikún: Mo ti lẹ àpò ìwé yìí pa kí n tó tún un ṣí. Ṣèyílọ́lá ti lọ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi pé abẹ́rẹ́ àti òwú ni màmá àgbà òun máa ń fún òun jẹ nílé. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ jẹ́jọ́, Rọ̀kíbátù sì ní òun á ti ṣọ́ọ̀bù kí òun lè bá mi lọ.